Eré orí fóònù: ṣé àgádágodo ni yóò mú owó wọlé fún ẹni tó ṣe é?

Ọ̀rọ̀ eré ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Owó wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ Savalou kọjá lálẹ́, tàbí kí ẹ dé Gouka lọ́jọ́ ọjà: àwọn zémidjan wa tí wọ́n ń dúró de èrò, orí fóònù ni ojú wọn wà. Ẹni tí kò bá sí lórí WhatsApp, eré ló ń ṣe. Bọ́ọ̀lù ni o, ìjà ni o, mọ́tò asáré ni o.

Ta ló ṣe àwọn eré wọ̀nyẹn? Tẹ́lẹ̀, a kì í béèrè, torí a mọ̀ pé òkè òkun ni wọ́n ti ń bọ̀. Nísinsìnyí ó yẹ ká béèrè. Ní Yaoundé, ní Kamẹrúùnù, Olivier Madiba àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ Kiro'o Games sílẹ̀ ní 2013. Ní oṣù kẹrin 2016 wọ́n gbé eré Aurion jáde, ìtàn ọmọ ọba kan tó ń jẹ́ Enzo, tí àna rẹ̀ gba oyè mọ́ ọn lọ́wọ́, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ wá ń rìn kiri láti gbà á padà. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ààfin ni, kò ṣàjèjì sí wa. Owó tí wọ́n fi ṣe é, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n kó o jọ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan, wọ́n rí ohun tó lé ní 40,000 yúrò ní 2015. Ní Èkó, Maliyo Games ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti 2012. Ní 2024 wọ́n bá Disney ṣe eré kan tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Yorùbá wa gan-an: Iwájú, eré ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ oúnjẹ sísè.

Àwọn wọ̀nyẹn ti di ilé-iṣẹ́. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ẹni tó kéré sí wọn, ẹni tó ń dá ṣe eré nínú yàrá rẹ̀, tí kò ní ọ̀gá, tí kò ní báǹkì lẹ́yìn. Lọ́dún yìí irú rẹ̀ kan wá bá mi. Akẹ́kọ̀ọ́ wa ni, ọmọ agbègbè Bantè, tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ó ti ṣe eré ìṣirò kékeré kan fún àwọn ọmọ CI àti CP. Ohùn tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ń sọ Itcha, ó sì ń sọ Faransé. Ọmọ á ka iṣu tó wà nínú abà, á pín in fún àwọn ará ilé, bí ó bá ṣì í, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́. Ó dùn, mo ṣe é fúnra mi. Ó fẹ́ máa tà á ní 500 fránkì. Ó ní: “Monsieur, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n tì í ni, kí wọ́n má baà máa dà á kọ lọ́fẹ̀ẹ́?” Mo ní kó fún mi láyè kí n rò ó, torí ìbéèrè náà kò rọrùn tó bó ṣe rí.

Kí ẹni tí kò mọ̀ lè mọ̀: àgádágodo tí à ń wí kì í ṣe ti irin, inú eré fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Irú kan jẹ́ kóòdù. O ra eré, wọ́n fún ọ ní nọ́ńbà, láìsí nọ́ńbà yẹn eré kò ní ṣí. Irú kejì máa ń gba orí réseau lọ béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà ẹni tó ṣe é, nígbàkigbà tí o bá fẹ́ ṣeré, bóyá o sanwó lóòótọ́. Bí kọ̀ǹpútà yẹn kò bá dáhùn, o kò ní ṣeré. Irú kẹta so eré mọ́ fóònù kan ṣoṣo; bí o bá pààrọ̀ fóònù, ó tán. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tún ń ra àgádágodo olówó gọbọi bíi Denuvo, ṣùgbọ́n ìyẹn kò kan ọmọ wa.

Àwọn kan á ní kí là ń rò sí, olè ni olè. Bí ẹnì kan bá bu gàrí sohui lórí àtẹ ìyá kan ní ọjà Savalou tí kò sanwó, ṣé a ò ní pariwo lé e lórí ni? A ó pariwo. Òfin pàápàá wà lẹ́yìn ẹni tó ṣe eré: òfin nọ́ńbà 2005-30 ti ọjọ́ 5 oṣù kẹrin 2006, tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọpọlọ ní Bẹ̀nẹ̀, ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ ìwé àti orin. Mo tún gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé láyé àwọn bàbá wa a kì í ta eré, pé ayò ọlọ́pọ́n kò ní olówó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbẹ́ ọpọ́n ayò, ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, gàrí àti eré kò rí bákan náà. Bí olè bá gbé gàrí lọ, àtẹ ìyá yẹn dínkù. Ẹ̀gẹ́ tó hó, tó rin, tó fún, tó yan nínú èéfín, ó lọ nìyẹn, kò lè tà á fún ẹlòmíràn mọ́. Bí ẹnì kan bá da eré kọ, ti ẹni tó ṣe é ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ digbí. Ohun tó pàdánù ni owó tí ẹni yẹn ì bá san, ibẹ̀ sì ni gbogbo àríyànjiyàn wà: ṣé ì bá san án lóòótọ́? Ọmọ ọdún 14 ní Akpassi tó gba eré lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, bí ẹ bá ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn, ṣé 500 fránkì ló máa yọ lápò, àbí eré mìíràn tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ló máa lọ bá? Ẹ̀yin náà mọ ìdáhùn.

Ìtàn kan wà tí àwọn tó ń ṣe eré ní gbogbo ayé mọ̀ dáadáa. Ní Ọsirélíà, Patrick àti Daniel Klug, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, gbé eré kan jáde ní òpin oṣù kẹrin 2013, Game Dev Tycoon lorúkọ rẹ̀. Nínú eré náà, ìwọ ni o ní ilé-iṣẹ́ kékeré tó ń ṣe eré tà. Wọn kò tì í rárá. Lọ́jọ́ tó jáde yẹn náà, àwọn fúnra wọn gbé ẹ̀dà mìíràn sí ibi tí àwọn ajídàkọ ti ń gba nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́. Ọgbọ́n kan wà nínú ẹ̀dà yẹn: bí o bá ṣe é fún wákàtí mélòó kan, ilé-iṣẹ́ tí o dá sílẹ̀ nínú eré á bẹ̀rẹ̀ sí í wó, torí àwọn ènìyàn ń da eré rẹ kọ láìsanwó. Gbèsè á dé, ilé-iṣẹ́ á sì kógbá sílé. Nígbà tí ọjọ́ kan pé, wọ́n kà á. Ènìyàn 214 ló ra ojúlówó. Ó kéré tán, 3,104 ló ń ṣe èyí tí kò sanwó. Nínú ọgọ́rùn-ún, ó lé ní 93! Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé àwọn kan nínú àwọn tí kò sanwó yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn olè ń pa àwọn lẹ́kún nínú eré, wọ́n ń béèrè bóyá àgádágodo kan wà tí àwọn lè fi ti eré tí àwọn ṣe.

Ẹni tó bá rí nọ́ńbà yẹn lè sọ pé ó yá, ẹ tì í pa. Àwọn Klug kò tì í. Ṣáájú kí ọdún yẹn tó parí, eré wọn wọ Steam, ọjà ńlá tí wọ́n ti ń ta eré kọ̀ǹpútà, ó sì tà.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àwọn tó tì í. Ubisoft, ilé-iṣẹ́ Faransé tí orúkọ rẹ̀ kàn káàkiri, pàṣẹ ní 2010 pé ẹni tó bá ra Assassin's Creed II sórí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ìgbà tó bá ń ṣe é. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn, àwọn kan kọlu kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn. Ọ̀nà dí. Àwọn tó fi owó gidi ra eré jókòó, wọ́n ń wò ó. Ní 2012, Ubisoft jẹ́ kí ayé mọ̀ pé àwọn ti fi irú àgádágodo yẹn sílẹ̀. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí réseau wọn kì í lọ, ẹ wá ro ti Lougba, ẹ ro ti Doumè, níbi tí ènìyàn ti ń gbé fóònù sókè bí ẹni tó ń wá òṣùpá kí ìpè tó wọlé. Àgádágodo tó ń béèrè réseau, ẹni tó sanwó ló ń dè mọ́lẹ̀. Ẹni tó jí i, wọ́n ti já a kúrò fún un kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwa tó jẹ́ pé fóònù tó ti ọwọ́ ẹlòmíràn bọ̀ là ń rà, tí a sì tún ń tà á nígbà tí ìnáwó bá dé, èyí tó so eré mọ́ fóònù kan kò lè ṣe wá lóore.

Ìwé ìwádìí kan tún wà. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù san owó fún ilé-iṣẹ́ Ecorys pé kó wá wọn wò bóyá àdàkọ ń pa ọjà lóòótọ́. Ìwé náà parí ní 2015, àmọ́ ó wà nínú àpótí títí di 2017 kí ará ìta tó rí i kà. Ohun tó sọ ni pé, yàtọ̀ sí fíìmù ńlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, wọn kò rí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé àdàkọ ń dín ọjà kù. Ní ti eré, ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé àwọn tó ń dà á kọ máa ń padà wá rà. Ẹ má fi ìyẹn jó o. Orílẹ̀-èdè mẹ́fà ni wọ́n wò: Jámánì, Faransé, Gẹ̀ẹ́sì, Sípéènì, Pólándì àti Swídìn. Wọn kò dé Bantè. Níbẹ̀, ẹni tó da eré kọ lánàá tó sì fẹ́ sanwó lónìí, káàdì báǹkì rẹ̀ wà nínú àpò.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí àwọn kan máa sọ pé àdàkọ ni ìpolówó, kí ọmọ má bìkítà. Èmi kò gba ìyẹn tán. Ẹ wo orin. Stan Tohon mú tchinkoumè, orin ìsìnkú àwọn Mahi ti Savalou níbí, ó fi gìtá sí i, ó pè é ní Tchink System, Bẹ̀nẹ̀ sì jó o. Láyé kásẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan á rà, ilé mẹ́wàá á gbà á sórí kásẹ́ẹ̀tì tiwọn. Olórin lè fara da ìyẹn díẹ̀, torí bí orúkọ rẹ̀ bá ti kàn, wọ́n á pè é síbi òkú àgbà, síbi ìgbéyàwó, wọ́n á ná an lówó. Ta ló ń pe ẹni tó ṣe eré fóònù síbi òkú? Ta ló máa lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí pé ewúrẹ́ inú eré rẹ mà dùn ún wò o? Òkìkí nìkan ni ìpolówó lè fún un, òkìkí kò sì ṣe é fi se ọbẹ̀.

Nítorí náà, mi ò sọ pé kó má gba owó. Ohun tí mò ń sọ ni pé kó tó ronú àgádágodo, kó kọ́kọ́ ronú ẹnu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká mú olóòótọ́ kan, olùkọ́ ni tàbí oníkajú, tó fẹ́ ra eré lórí àwọn ọjà ńlá íntánẹ́ẹ̀tì láti Bantè. Wọ́n sábà máa ń béèrè káàdì báǹkì. Mélòó nínú wa ló ní in? Owó wa wà lórí MoMo, lórí Moov Money, lórí Celtiis Cash. A fi ń ra forfait, a fi ń san owó iná, a fi ń ránṣẹ́ sí ọmọ ní Cotonou. Bí ẹ bá ṣí ilé ìtajà tí kò ní ẹnu ọ̀nà ní apá ibi tí ènìyàn ń gbà, tí ẹ wá ń fi àgádágodo sí fèrèsé, ta lẹ ń tì mọ́ta? Ọpẹ́ ni pé ọ̀nà ti là. Ní Cotonou, àwọn bíi FedaPay àti KKiaPay ti ń bá oníṣòwò kékeré gba owó orí fóònù. Ẹni tó ń ṣe eré lè so tirẹ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀nà kejì tí a kò gbọ́dọ̀ dí ni ọ̀nà tí eré ń gbà rìn. Ní abúlé wa, eré kì í ti inú íntánẹ́ẹ̀tì bọ̀ tààrà, forfait ti wọ́n jù fún ìyẹn. Fóònù kan ló ń fún èkejì, nípasẹ̀ Xender, láìná kọ́bọ̀. Tàbí kí ó jẹ́ ọmọkùnrin tó tẹ́ tábìlì sábẹ́ agboòrùn, tó ní kọ̀ǹpútà kan: ẹ mú carte mémoire wá, ó kó orin, fíìmù àti eré sí i fún yín. Àwọn kan ń pe ọmọ yẹn ní olè. Èmi a máa wò ó bí ọlọ́jà tí ẹnikẹ́ni kò tíì bá dá òwò pọ̀. Àgádágodo tó le yóò pa ọ̀nà yìí, kò sì sí òmíràn tí eré ọmọ wa lè gbà dé Pira tàbí Agoua.

Ẹnì kan ti lo ọ̀nà yìí rí, ó sì là. Ní oṣù kejìlá 1993, id Software, ẹgbẹ́ kékeré kan ní Texas ní Amẹ́ríkà, gbé Doom jáde. Apá mẹ́ta ni wọ́n pín in sí. Wọ́n gbé apá kìíní sórí kọ̀ǹpútà yunifásítì kan ní Wisconsin, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ mú un, kó dà á kọ, kó fún ọ̀rẹ́, kó fún ọ̀tá. Ẹni tó bá fẹ́ apá tó kù, kó fi owó ránṣẹ́. Àwọn ènìyàn gbé e ká gbogbo ayé lórí disiki pẹlẹbẹ ìgbà yẹn, láìjẹ́ pé id san owó iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Kò pẹ́ tí owó fi ń wọlé. Lóòótọ́, àwọn kan da apá tó kù náà kọ láìsanwó. Èyí kò dá wọn dúró.

Ohun tí mo sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ wa nìyẹn. Ti CI, kó jẹ́ ọ̀fẹ́, kó máa rìn lórí Xender bó ṣe wù ú. Ti CP, kí ó wà nínú eré kan náà, kí kóòdù máa ṣí i. Bí òbí bá san 500 fránkì lórí fóònù, SMS á gbé kóòdù wá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà yẹn lọ, eré kò gbọ́dọ̀ béèrè réseau mọ́ láéláé, kó sì ṣiṣẹ́ lórí fóònù méjì tàbí mẹ́ta, torí ìdílé ló rà á. Kí orúkọ ìdílé tó rà á máa hàn lójú eré nígbà tó bá ń ṣí. Ní tèmi, àgádágodo tó bá àdúgbò wa mu nìyẹn: kò ní yá ènìyàn lára láti máa pín nǹkan tí orúkọ bàbá rẹ̀ wà lórí rẹ̀ kiri ọjà.

Ó ní: “Bí wọ́n bá wá fi kóòdù kan ṣí ti gbogbo agbo ilé ńkọ́, Monsieur?” Wọ́n á ṣe é. Ilé márùn-ún á lo ti ẹnì kan, kó kà á mọ́ ìnáwó bí àgbẹ̀ ṣe ń ka ti ẹyẹ. Bí ó bá jẹ́ eré ìdíje ni, tí ẹ̀bùn owó wà níbẹ̀, mi ò bá sọ ohun mìíràn. Ìyẹn gbọ́dọ̀ ní ìṣọ́ gidi, torí ẹni tó bá yan jẹ ń gba owó ẹlòmíràn. Ìṣirò ọmọ CP kò rí bẹ́ẹ̀. Mo tún gbà á nímọ̀ràn pé kó má dúró de ọmọ nìkan. Kó lọ bá àwọn APE nígbà rentrée, kí ilé-ẹ̀kọ́ san ẹ̀ẹ̀kan fún gbogbo kíláàsì. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ìwé kan ṣoṣo ti ń di fọ́tòkópì ogójì, ẹ ò lè fi kóòdù dẹ́rù bà á, àmọ́ ẹ lè bá ọ̀gá ibẹ̀ jókòó sọ̀rọ̀.

A wá ṣe ìṣirò. Bí ìdílé 300 bá rà á, 150,000 fránkì nìyẹn. Ó fẹ́ kí ọmọ tó ń kó eré sí carte mémoire ní Gouka, ní Tchetti, ní Ottola ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí oníbàárà á tẹ̀ nígbà tó bá ń sanwó, kí 100 fránkì nínú 500 jẹ́ ti ọmọ yẹn. Ó ku 120,000, kí ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó tó mú tirẹ̀. Oṣù méje ló fi ṣe eré náà, lálẹ́, lẹ́yìn ẹ̀kọ́. SMIG wa láti oṣù kìíní 2023 jẹ́ 52,000 lóṣù. Nítorí náà, owó oṣù méjì lé díẹ̀ ló máa rí fún iṣẹ́ oṣù méje, bí gbogbo rẹ̀ bá lọ dáadáa, bóyá ó tì í o, bóyá kò tì í. Bantè nìkan kò tó. Ó ti ń wá ẹni tó máa sọ ohùn rẹ̀ ní Ifè fún àwọn ará Tchetti àti Doumè, lẹ́yìn náà ní Mahi fún Savalou ìlú, kó tó di pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ṣí.